Agogo Ìjọ Nínú Ẹrẹ̀

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, màá bi í léèrè irú ẹmu tó mu. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé bàtà kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà létí omi. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ọ́.

Èmi ni mò ń lu agogo ìjọ. Bàbá mi ló ń lù ú kó tó kú. Ní oṣù tó ṣáájú, olórí ìjọ wa, àgbàlagbà tí kì í pariwo, bá ṣẹ́ẹ̀tì mi níbi tí mo sá a sí lórí agogo. Ó ní bí mo bá tún fi ohun Ọlọ́run ṣe ohun èlò ilé mi, òun á gba okùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Oorun ò kùn mí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí òrùka tí a fi ń so agogo kọ́ já, tí wọ́n ní kí n gbé e lọ bá wẹ́dà ní Ugbonla lọ́jọ́ Sátidé, ìwà mímọ́ gùn mí. Mo fi aṣọ funfun wé agogo, mo gbé e sórí pákó ìjókòó ọkọ̀ ojú omi mi, èmi fúnra mi wá jókòó sísàlẹ̀ ọkọ̀ nínú omi tó jò wọlé. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo gbé Alhájà kan tó ń ta ẹja yíyan. Mo ní kó sún apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ sẹ́yìn, kí òórùn rẹ̀ má kan ohun mímọ́. Ó wò mí títí. Ó ní ṣé agogo náà nímú ni.

A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi kọṣẹ́. Omi ń fà, ó sì ń gbé wa lọ sí ẹnu òkun. Mo wá ìdákọ̀ró títí, kí n tó rántí pé èmi ni mo yọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, torí ó ti dípẹtà, kó má baà ba aṣọ funfun jẹ́. Àjẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ò ká omi náà. Alhájà ń wo agogo, ó ń wò mí, ó tún ń wo agogo.

"Alhájà, ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀."

"Mi ò wí nǹkan kan, Bàbá Alágogo. Mo kàn ń rò ó pé Ọlọ́run á bi wá ìdí tí a fi kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó wúwo tó báyìí."

Mo ṣí fìlà. Mo bẹ agogo. Mo so okùn mọ́ òrùka tuntun náà, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó wọ ẹrẹ̀, ọkọ̀ sì dúró gbọn-in.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọkọ̀ mìíràn tó wọ́ wa délé. Mo fọ ẹ̀yìn agogo títí ó fi ń dán, mo sì so ó kọ́ kí olórí ìjọ tó yọjú. Alhájà búra pé òun ò ní sọ. Ẹ̀rín ló fi búra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olórí ìjọ wá dúró sábẹ́ agogo, ó fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Mo fa okùn. Agogo dún gbù, bí odó tí wọ́n ń gún iṣu tí kò jinná nínú rẹ̀. Mo tún fà á, ìṣù ẹrẹ̀ já bọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, akàn ló já bọ́, ó sì di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ olórí ìjọ mú.

Kò pariwo. "Ibo ni agogo yìí dé lánàá?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti rò gbogbo rẹ̀ fún un. Akàn náà ò sì tíì jù ú sílẹ̀ nígbà tí ìtàn mi dé ibi tí ọkọ̀ ti dúró.

"Agogo dì yín mú?"

"Ó dì wá mú, Bàbá."

"Ẹ̀mí ènìyàn méjì. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù fún agogo Ọlọ́run." Ó bẹ̀rẹ̀, ó já akàn kúrò lẹ́sẹ̀. "Ṣùgbọ́n o fọ èyí tí èmi lè rí, o wá fi inú sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ mú kànrìnkàn."

Mo forí bọ inú agogo títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìsìn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn Alhájà létí omi. Ó ń lọ sọ́jà, ó yà gbé ìdákọ̀ró kan sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun fún Bàbá Alágogo, kí agogo lè ráyè iṣẹ́ tirẹ̀.