Ẹni Tó Kẹ́yìn Lórí Òjò Dídì

Bàbá ọkọ mi kì í jẹ́ kí á pa tẹlifíṣọ̀n bí ìdíje àgbáyé orí òjò dídì bá ń lọ. Àwọn tó ń fò láti orí òkè bí ẹyẹ kò wú u lórí. Àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, tí kálukú ń fi ọ̀pá méjì ti ara rẹ̀ síwájú, ló fẹ́ràn, nítorí ọ̀pá lòun náà fi ń ti ọkọ̀ lójú omi Ugbonla kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti wẹ̀ fún un, mo ti fọṣọ, ó rẹ̀ mí.

"Bàbá, wọ́n ti mọ ẹni tó gbégbá orókè. Ẹ jẹ́ kí n pa jẹnẹrétọ̀, kí n sùn díẹ̀."

"Ìyàwó, ṣé gbogbo wọn ti gúnlẹ̀?"

"Ó ku ẹnìkan."

"Ta ló ń kúrò létí òkun nígbà tí ọkọ̀ kan ṣì wà lójú omi?"

Mo jókòó. Ẹni náà ń ṣubú, ó ń dìde. Kí ó tó dé, epo tán, tẹlifíṣọ̀n kú.

"Ṣé ó dé?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

Ó ṣí fìlà, ó bẹ Olúwa kí Ó mú ọmọ ọlọ́mọ náà gúnlẹ̀ láyọ̀, kí Ó sì fún ìyàwó ilé yìí lágbára. Ó rẹ̀ mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo ṣe Àmín.