Ọjọ́ Tí A La Ọ̀nà fún Omi ní Mówè

Òórùn omi ògì ni mo kọ́kọ́ fi mọ àdúgbò wa ní Mówè, lọ́dún tí a kó dé láti Èkó. Àlàájà kan tó ń ṣe ẹ̀kọ tà ló máa ń sẹ́ ògì lẹ́yìn ilé rẹ̀, òórùn kíkan náà á sì gba gbogbo òpópónà láràárọ̀. Ó kọ́kọ́ ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tó yá, bí n kò bá gbọ́ ọ, ara mi kì í lélẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Àlàájà ni àbàtà kan wà tí omi òjò àdúgbò ń gbà lọ sódò. Alága àwa onílé, díákónì kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló rà á. Ẹ ṣáà mọ àwa ará Èkó: bí a bá ti rí àbàtà, ilẹ̀ la rí yẹn. Ó ní kí a máa da ìdọ̀tí síbẹ̀ kó lè kún. Inú wa dùn, torí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ike, bàtà tó já, gbogbo rẹ̀ la kó dà síbẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, omi ò rọ́nà gbà mọ́, ló bá yà sílé Àlàájà. Ó gbé àgbàdo tí ó rẹ lọ, ó wọ yàrá, ó ba ẹní ìkírun rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó ṣe é léraléra, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ọkọ̀ wá láti Ifọ̀ láti wá kó o lọ pátápátá.

Àárọ̀ Sátidé sanitéṣọ̀n ni. Kálukú wa ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ tọkàntọkàn nígbà tí a rí i tí wọ́n ń gbé ìkòkò ògì sẹ́yìn ọkọ̀. Alága sáré lọ bá Àlàájà. Ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn ún kò jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ tán.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé owó mi ni mo fi ra ilẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀, Alága. Ilẹ̀ lẹ rà. Ẹ ò ra omi mọ́ ọn."

Alága ká ṣòkòtò sókè, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọkọ mi, ó sì wọ inú pàǹtírí náà lọ. Kò pe ẹnì kankan, síbẹ̀ àwọn akọrin ìjọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn mọ́ṣáláṣí náà tẹ̀ lé wọn. Èmi ju ìgbálẹ̀ nù, mo gbé bárò. Òórùn ibẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ, ẹ̀rín ò sì tán lẹ́nu wa. Aládùúgbò mi kan wú rédíò tí ọkọ rẹ̀ ní olè jí gbé jáde níbẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo sánmà.

Àṣé òjò náà ń bọ̀ lóòótọ́. Ó bá wa nínú iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó sá wọlé. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Omi náà rọ́ wá, ó dé ẹ̀gbẹ́ ilé Àlàájà, ó sì kọjá lọ sódò jẹ́jẹ́. Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó gbẹ. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Sọ ìkòkò mi kalẹ̀, jàre."

Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbọ́ ọ dé Ìbàfò. Alága kò kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sétí ibẹ̀, òun ló sì ń lé ẹni tó bá gbé ìdọ̀tí wá. Mo ti ní ilé ní Mówè ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òjò pa mí, tí mo sì ń yọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn gbẹ, ni mo tó di ará ibẹ̀.