Epo Ìdí Àgbá tí A Fi Dín Àkàrà Sàráà Ìyá Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ìkòkò dídín lọ, ìyá mi ni wọ́n máa ń pè ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, n'Ìbàdàn, bí nǹkan dídín bá délẹ̀. Ìbáà ṣe àkàrà ìsọmọlórúkọ, ìbáà ṣe dùndún fún àwọn àgbààgbà tó wá ṣe ìpàdé ẹbí, òun ló máa jókòó sídìí iná, àwọn ìyàwó ilé yòókù á máa lọ ẹ̀wà, wọn á máa gé àlùbọ́sà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi mọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtìjú ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbé ìtìjú náà fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kì í ṣe pé ìyá mi ní oògùn kankan. Epo ló mọ̀ ọ́n yàn. Ó máa ń sọ pé ẹ̀wà kì í sábà ba àkàrà jẹ́, epo ní ń bà á jẹ́. Bí ó bá fẹ́ dín àkàrà, epo pupa tuntun ló ń wá, èyí tó mọ́ tónítóní tí kò ní omi nínú. Bí ó bá jẹ́ dùndún tàbí ẹja, òróró ẹ̀pà ló fẹ́ràn, torí pé kì í bo adùn iṣu mọ́lẹ̀. Òrí, ó ní ti ara pípa àti ti oògùn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Òkè Ògùn ń fi se ọbẹ̀, tí ó sì ń dùn lẹ́nu wọn. Àdín, ó ní kí a fi pa ọmọ lára, kí a fi tan fìtílà, kí a má gbé e dé ìdí àkàrà rárá. Bí epo bá wà lórí iná, á ju ègé àlùbọ́sà kan sí i. Bí àlùbọ́sà bá rì tí kò sọ̀rọ̀, epo kò tíì gbóná tó. Bí ó bá léfòó tó ń pariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tó. Epo tó bá ti kan ńkọ́? Ó ní imú ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ọ̀fun ló ń mọ̀ ọ́n kẹ́yìn, ẹni tó bá sì dúró de ọ̀fun ti pẹ́.

Bàbá mi ẹ̀wẹ̀, epo ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, àwọn òyìnbó sì ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí Gbági. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́. Bàbá mi á lọ sí oko, á ra epo lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń fún un, á dà á sínú àgbá, àwọn alágbàṣe á yí àgbá náà gbirigbiri lọ sí Gbági. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí epo máa ṣàn nílé wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ahun ni bàbá mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí bàbá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bú, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Epo tó dára, Gbági ló ń lọ. Èyí tí òyìnbó bá yẹ̀ wò tó kọ̀, tó ní omi wà nínú rẹ̀ tàbí pé ó ti kan, òun ló ń padà wálé wa. Epo tí ìyá mi fi ń dín nǹkan fún agbo ilé, ọwọ́ àwọn tó ni ìnáwó ló ti ń wá. Ní yàrá tiwa, a kì í sábà dín nǹkan rárá. Bí wọ́n bá rán mi lọ tọrọ epo ọbẹ̀ ní ilé kejì, àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa bi mí bóyá epo ti tán nínú àgbá bàbá mi ni. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyá bàbá mi kú. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó ti gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ikú rẹ̀ kì í ṣe ikú ẹkún. Bí arúgbó bẹ́ẹ̀ bá lọ nílùú wa, àkàrà la fi ń ṣe sàráà rẹ̀. A ó dín in lọ́pọ̀lọpọ̀, a ó gbé e fún àwọn àlùfáà tó wá ṣàdúà, a ó sì pín in káàkiri àdúgbò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á ní kí Ọlọ́run forí jin òkú. Nítorí náà, kì í ṣe oúnjẹ lásán, àdúà wà lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Bàbá mi ni àkọ́bí ọkùnrin, ọrùn rẹ̀ ni epo wà. Ìyá mi ni ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni dídín wà.

Àgbá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí òyìnbó ti kọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó kù ní ìdí rẹ̀ ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó dúdú, ó sì ń rùn. Òun ni bàbá mi ní kí ìyá mi bù. Mo wà níbẹ̀, ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó rọra sọ fún un pé epo náà ti kan, pé á hó jáde nínú ìkòkò, pé àkàrà á kàn máa mu ún ni. Bàbá mi ní epo ni epo ń jẹ́. Ìyá mi wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun dé ọjà Oríta-mẹ́rin, pé òun ní ìwọ̀nba nǹkan lọ́wọ́ láti inú aṣọ tí òun ń rẹ láró, òun á fi ra epo tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bàbá mi dìde dúró.

"Kí ayé wá rí ìyàwó èmi, èmi tí mò ń ta epo fún òyìnbó, kó lọ dúró níwájú elépo lọ́jà? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Ìyá mi kò sì lè tọrọ lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé yòókù, torí epo sàráà kì í ṣe epo ọbẹ̀; bó bá tọrọ ọ́, ó ti tú àṣírí ọkọ rẹ̀ nìyẹn, pé kò lè ra epo gidi fún sàráà ìyá rẹ̀. Ẹ̀sín kékeré ni bàbá mi ń sá fún, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ pàdé ńlá. Ìyá mi gbé igbá, ó lọ bu epo náà.

Ó ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó fi aṣọ sẹ́ epo, ó gbé e kaná kí àwọn yòókù tó dé ìdí ààrò, ó da iyọ̀ sí i, ó ju odindi àlùbọ́sà sí i kó lè gba òórùn rẹ̀. Ó fi ata kún ẹ̀wà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Èéfín tó ń jáde ń ta wá lójú. Nígbà tó bu àkàrà àkọ́kọ́ sí i, epo náà hó yaya, ìfófó bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì ṣàn sínú iná. Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn. Ọ̀kan bi í bóyá epo yìí dára, ìyá mi ní iná ló pọ̀ jù. Àkàrà tó yẹ kó wú, kò wú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú kí inú rẹ̀ tó jiná, ó wúwo lọ́wọ́, epo sì ń sun lára rẹ̀.

Wọ́n gbé e síwájú àwọn àlùfáà. Àgbà inú wọn, ẹni tó kọ́ bàbá mi ní kéú, ló kọ́kọ́ mú. Ó gé e jẹ, ó sì rọra dá èyí tó kù padà sínú àwo. Àwọn tó jẹ tiwọn tán nítorí ìtìjú, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í ha wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ìyá àgbà nínú àdúà ni wọ́n ti ń wúkọ́, tí àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ pín ti àdúgbò, a kò tíì rìn jìnnà tí mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí ìyá kan tó ń da tirẹ̀ sórí ààtàn. Ajá kan gbóòórùn rẹ̀, ó sì kọjá lọ. Mo gbá igbá tó wà lọ́wọ́ mi mọ́ àyà, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi ìyá òun ṣẹ̀sín lójú ayé, pé ẹni tí kì í ṣi àkàrà dín fún ará ìta, ti ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá ṣì dín. Ó kọjú sí ìyá mi.

"Kí ni ìyá wa fi ṣẹ̀ ọ́?"

Gbogbo ojú wà lára ìyá mi. Bàbá mi jókòó sórí awọ àgbò, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Ọmọdé ni mí, mo rò pé á la ẹnu yẹn, á ní òun ni. Ó ń fa tẹ̀sùbáà, kò gbójú sókè. Ìyá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló ṣì. Ẹ forí jì mí."

Èmi tí mo mọ òótọ́, ìyá mi ti fi ojú bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ojú tí ìyá fi ń pa ẹnu ọmọ dé. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọjọ́ náà ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìyá mi ló dójú tì mí. Bàbá mi ni, bàbá mi tó jókòó tó ń ka orúkọ Ọlọ́run, tó sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fi orúnkún san gbèsè tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọn kò pe ìyá mi sídìí iná mọ́. Ìyàwó tó kéré sí i ló gba ipò rẹ̀ nídìí ìkòkò. Bí ìsọmọlórúkọ bá dé, àlùbọ́sà ni wọ́n ń fún un gé. Ẹnu ayé lẹbọ: kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Bí ọmọ kan bá ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n á ní ó ṣe é bí àkàrà ìyàwó elépo. Bàbá mi ń gbọ́ ọ, ó ń kọjá.

Nígbà tí bàbá yín àgbà wá tọrọ mi, ìyá kan láti ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì fi ṣe àwàdà, ó ní bí ìyàwó àwọn bá dé, àwọn ò ní jẹ́ kó dín àkàrà o. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, bàbá mi wọ yàrá ìyá mi, níbi tí mo ti ń ká aṣọ. Ó ti ń darúgbó, òwò epo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ pe ẹbí jọ kí òun sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, pé kò jẹ́ kí òun sùn mọ́. Mo rò pé inú ìyá mi á dùn. Ó ń wo ilẹ̀ nígbà tó fi dá a lóhùn.

"Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ báyìí, ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ lọ yìí, ọmọ ahun tó fi ìyá ara ẹ̀ ṣẹ̀sín ni wọ́n máa pè é. Ẹ jẹ́ ó wà lọ́rùn mi. Ó ti mọ́ mi lára."

Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú, ó jáde. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti bàbá mi, ìyá mi ló rù ú. Bàbá mi kò sọ ọ́ títí ó fi kú, èmi náà sì bọ̀wọ̀ fún ohun tí ìyá mi fẹ́.

Nígbà tí ìyá mi náà lọ, mo ti ní ilé tèmi. Èmi fúnra mi ni mo lọ ra epo àkàrà sàráà rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó gbà á, mo sì jókòó sídìí iná láti àárọ̀. Àkàrà náà wú, ó fúyẹ́, ó pọ́n dáadáa. Ìyá arúgbó kan ní agbo ilé wa, ọ̀kan nínú àwọn tó wo ara wọn nídìí iná lọ́jọ́ sàráà ìyá àgbà, jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn, ó ní kí Ọlọ́run forí jin òkú. Ó wá rọra fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Èyí mà dùn o, ọmọ mi. Ká ní ìyá ẹ mọ̀ ọ́n dín báyìí lọ́jọ́ yẹn!"

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, ìyá.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, mo ń wo ilé ìdáná yín, òróró inú ike oríṣiríṣi ló tò síbẹ̀, ẹ sì ń bá ara yín jiyàn èwo ló dára fún ọkàn, èwo ló ń múni sanra. Kò sí ọkọ tó máa ní kí ìyàwó má lọ ra epo. Bí àgbà bá kú, ẹ ó bẹ alákàrà ẹ̀bá títì lọ́wẹ̀, bí kò bá dùn, ẹ ó ní ti alákàrà nìyẹn, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Inú mi dùn sí i, kí ẹ má rò pé mò ń ráhùn. Àmọ́ àwọn tó mọ ìyá mi ní Bẹ́yẹrúnkà ti lọ tán, ohun tí wọ́n sì rò nípa rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè sọ fún pé ó mọ̀ ọ́n dín.