Ibojì Olúsànyà ní Ilé Tuntun

Ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ dé. Lọ́dún tí ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba Òṣòdì kọjá, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n wọ ṣòkòtò kákí wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fa àmì wíwó sára ògiri ilé Olúsànyà, wọ́n fa ti ilé ọ̀tún, wọ́n fa ti ilé òsì, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Adébímpé, opó Olúsànyà, ń da ata sórí ẹní lọ́wọ́. Ó gbójú sókè wo ọ̀dà náà bó ṣe ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, ó sì padà sídìí ata rẹ̀.

Ata gbígbẹ ló ń tà. A máa ra ṣọ̀ǹbọ̀ ní tútù lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o wọ̀lú, a sá a títí yóò fi máa dún wóró-wóró lọ́wọ́ ẹni, a sì gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ya ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sín kó tó kí i. Iṣẹ́ yìí ló fi rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúsọjí, níwèé.

Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ reluwé títí ikú fi mú un. Nígbà tó kú, àgbàlá ilé ni wọ́n sin ín sí, bí àwọn ará Ẹ̀gbá tiwọn ti í ṣe, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì ṣe pèpéle lé e. Kò síbi tí oòrùn ń pa nínú ilé náà tó ibẹ̀. Láwọn ilé tó yí wọn ká, àwọn obìnrin a máa sá láfún àti aṣọ sórí ibojì, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Òkú inú ilé, ará ilé ni. Ará ilé a sì máa bá ni gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n Adébímpé ò gbé ata kan ṣoṣo lé Olúsànyà rí.

"Ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn," ló máa ń wí, "ṣé kí n tún wá di ata lé e láyà ni?"

Nítorí náà, nígbà tí Olúsọjí wá sọ pé kí wọ́n kó, nǹkan kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Olúsọjí ti di kọngílá tó ń gbaṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ìgbà owó epo ni. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò sójú òkun Àpápá bí ẹni tó ń dúró de sàráà. Olúsọjí ò mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ó mọ ilé ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ìyẹn náà sì tó láti fi kọ́ ilé alájà kan sí Òkè-Àfà, lẹ́yìn Ìsọlọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí odò.

"Màmá, ilé ti parí," ó ní. "Irú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹ ò lè rí i l'Éèkó níbí. Odò ń bẹ nísàlẹ̀, òkè ń bẹ lókè."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá wo?"

"Bàbá mélòó lo ní?"

Olúsọjí wo pèpéle àgbàlá. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì wá sí i lọ́kàn rí. "A ó gbé wọn, Màmá. Kí lẹ rò?"

"Bí o bá gbé e, mò ń bọ̀. Bí o ò bá gbé e, kí katapílà wá bá mi níbí. Mi ò ní fi í sílẹ̀ kí tírélà máa gun orí ẹ̀ kọjá."

Ó wọlé, ó mú aṣọ funfun kan jáde. Olúsànyà ló rà á fún un lọ́dún tí wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Adébímpé ò ró o rí. Ó ti fi pamọ́ de ọjọ́ ikú ara rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì ká a lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Èyí ni kí ẹ fi dì í."

Olúsọjí ní àwọn àgbà ilé yóò wá láti Abẹ́òkúta wá hú eegun náà láàárọ̀ kùtù. Ó ní wọ́n sọ pé opó kì í sí níbẹ̀. Adébímpé ò béèrè orúkọ àgbà kankan. Ẹni tí wọ́n bá fi "àwọn àgbà ní" tọ́ dàgbà, bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Olúsọjí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ èyí.

Wọ́n mú ìyá lọ sílé ìbátan kan ní Ṣógúnlé. Nígbà tí ohun gbogbo parí, Olúsọjí fi ọkọ̀ Píjò rẹ̀ wá gbé e.

Ilé náà dára. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dára. Àjà rẹ̀ kọjú sí àfonífojì kan tí ọ̀pẹ pọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì. Odò ń wọ́ lọ láàárín rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ìkùukùu a bò ó mọ́lẹ̀ bí òwú. Olúsọjí a máa kó àlejò gun orí àjà náà, a na ọwọ́ bí ẹni tó ń ta ilẹ̀: "Ẹ wo odò. Ẹ wo òkè." Òkè náà ò ga ju orí ilé lọ. Abẹ́ àpáta l'Ábẹ́òkúta ni wọ́n bí Adébímpé sí, ó mọ ohun tí à ń pè ní òkè, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Lọ́jọ́ tó dé, kò wọ yàrá. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ òun han òun. Ẹ̀yìnkùlé ni pèpéle náà wà, ó kọjú sí odò, ó funfun, ó dán ju ti Òṣòdì lọ, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ to orúkọ Olúsànyà sí i lórí. Adébímpé kúnlẹ̀.

"Bàbá Olúsọjí," ó ní, "ẹ kú ìrìn o. A ti dé."

Lẹ́yìn náà ló wá wọlé lọ tú ẹrù.

Ilé tuntun ò mọ́ ọn lára, òun náà kò sì kórìíra rẹ̀. Bí ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ ló ṣe ń gbé ibẹ̀. Ó jí, ó gbálẹ̀, ó jẹun nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ìrì pọ̀. Ata tó bá sá sórí ẹní, kó tó gbẹ, á ti bu. Ó ń dà á nù, ó ń ra òmíràn. Kúnbi, ìyàwó Olúsọjí àti ìyá Táyọ̀, a sì máa yọjú lójú fèrèsé, aṣọ ìnujú nímú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò Dádì Táyọ̀ ń bọ̀. Ẹ bá wa kó ata yẹn."

"Ó ti bu náà. Mò ń kó o."

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ní Òkè-Àfà ni Ìsíátù, arúgbó abúlé tó wà nísàlẹ̀ odò, tí wọ́n ti ra ilẹ̀ baba rẹ̀ mọ́ ọn lára títí tó fi ku yàrá méjì. Ìsíátù ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

"Ìyá Olúsọjí, ata tún bu?"

"Ó bu."

"Ẹ sá a sórí sìmẹ́ńtì bàbá níbẹ̀un. Ibẹ̀ nìkan loòrùn ń dúró sí. Àbí wọ́n máa bá yín jà?"

"Wọn ò ní bá mi jà. Èmi ni mi ò ní sá a."

"Ẹ jẹ́ kó bu nígbà náà. Òkú ò kúkú ń jata."

Adébímpé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ẹnu. Láràárọ̀ ló máa ń gbá orí pèpéle náà, tí yóò sì sọ fún ọkọ rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, pé òjò rọ̀, pé ọmọ Kúnbi ti ń yọ eyín, pé wọn kì í gbúròó ọkọ̀ ojú irin níbí. Ìgbà yẹn nìkan lára rẹ̀ máa ń sọ fún un pé inú ilé lòun wà. Ìyókù ọjọ́, ó kàn ń kọjá ni.

Lójò ọdún kejì, odò kún, ó gun ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí omi fà, pèpéle ti sán láàárín, apá kan rẹ̀ sì ti rì. Olúsọjí wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Adébímpé ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ìsíátù bá òun pe Mísbáù, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà.

"Rọra fọ́ ọ," ó wí fún Mísbáù. "Má jẹ́ kí irin ọwọ́ rẹ wọlẹ̀ jù. Èèyàn ló wà níbẹ̀."

Mísbáù rọra fọ́ ọ. Ó kó àfọ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ ha ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó dúró. Ó tún ha ibòmíràn.

"Màmá, ta ló sọ fún yín pé wọ́n sin èèyàn síbí?"

"Ọmọ mi."

"Ẹ wá wò ó."

Gbòǹgbò igi kan ló dábùú abẹ́ sìmẹ́ńtì náà láti etí kan dé èkejì. Ó nípọn tó apá géńdé, kò sí ojú àdá lára rẹ̀, kò sí ojú ọkọ́. Igi náà ti wà níbẹ̀ kí Olúsọjí tó ra ilẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé. Ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò náà ká le gbagidi, bí Ọlọ́run ṣe dá a.

"Wọn ò gbẹ́lẹ̀ níbí rí," Mísbáù ní. Kò gbójú sókè. "Wọ́n kàn da sìmẹ́ńtì lélẹ̀ ni."

"Gbẹ́ ẹ."

"Màmá, mo ní—"

"Mo gbọ́. Gbẹ́ ẹ."

Mísbáù gé gbòǹgbò, ó gbẹ́ títí ihò náà fi mù ún dé ìbàdí, tí omi odò sì bẹ̀rẹ̀ sí sun níbẹ̀. Yanrìn àti omi, kò sí nǹkan mìíràn. Adébímpé dúró létí ihò, ó ń wo omi bó ṣe ń ga.

"Ó tó," ó ní. "Dí i. Da òmíràn lé e, kí ó tẹ́ dáadáa. Kí ó má dà gẹ̀ẹ́rẹ́."

"Kí n to orúkọ bàbá padà sí i?"

"Má to nǹkan kan."

Nígbà tí sìmẹ́ńtì náà gbẹ, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣòdì. Ó fẹ́ rí ibẹ̀. Títì ńlá náà ti ṣí, ó dúdú, ó fẹ̀, àwọn tírélà ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ojú irin nìkan ni wọn ò ṣí nípò. Ó dúró lẹ́bàá rẹ̀, ó gbìyànjú láti ti ibẹ̀ mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà òun wà, ibi tí àgbàlá wà, ibi tí orí ọkọ òun kọjú sí. Kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí ìyá kúrò lójú ọ̀nà. Ó kúrò, ó wọkọ̀ padà sílé. Kò sunkún nínú ọkọ̀. Ó san owó rẹ̀, ó sì sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀.

Olúsọjí dé láti ìlú òyìnbó pẹ̀lú bàtà tuntun fún ìyá rẹ̀. Adébímpé jẹ́ kó jẹun tán.

"Aṣọ funfun yẹn ńkọ́?"

"Aṣọ wo, Màmá?"

"Èyí tí mo ní kí ẹ fi di bàbá rẹ."

Kúnbi dìde, ó kó àwo, ó wọlé. Olúsọjí wo ẹ̀yìnkùlé, ó rí sìmẹ́ńtì tuntun tí kò ní orúkọ lórí.

"Katapílà ti débẹ̀ kí n tó dé, Màmá. Mo ní ìpàdé n'Íkòyí lọ́jọ́ yẹn, ìpàdé tí mi ò lè pa tì. Nígbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti tẹ́ gbogbo ẹ̀ pẹrẹsẹ. Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni. Kí ni ǹ bá wí?"

"Àwọn àgbà Abẹ́òkúta ńkọ́?"

Olúsọjí ti bàtà tuntun náà sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Aṣọ ni mo kọ́kọ́ béèrè," Adébímpé ní.

"Ó wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀."

Ó lọ mú un wá. Abẹ́ táyà ló ti fà á yọ. Epo dúdú ti ta sí i láwọn ibi tí wọ́n ti ká a. Olúsọjí dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ìyá òun má bínú. Adébímpé ní òun ò bínú, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ó wá inú ara rẹ̀ bóyá òun á bá ìbínú níbẹ̀, tàbí ẹkún, tàbí ohun kan tó ṣeé fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kò bá nǹkan kan. Ó fọ aṣọ náà. Epo ò lọ. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sá a, ó sì ká a sínú àpótí.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ata pọ̀ lọ́jà. Ní Sátidé kan, Olúsọjí mú ọ̀gá kan wá láti ibi iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá tó nífọ̀n léèékánná, tí ìwé ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mu ọtí lórí àjà. Olúsọjí na ọwọ́ sí odò, ó na ọwọ́ sí òkè, ọ̀gá ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá mi ló sùn síbẹ̀un, sà," Olúsọjí ń wí bí wọ́n ti ń yà. "Mo ní mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ l'Óṣòdì."

Orí pèpéle náà pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ata ni. Aṣọ funfun tí epo ta sí ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Adébímpé jókòó sórí pèpéle náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ẹsẹ̀, ó ń yọ èyí tí kò dára kúrò.

Olúsọjí rí aṣọ náà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò wà. Ẹ bá mi kó ata kúrò lórí Bàbá."

Adébímpé kí ọ̀gá náà dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan níbí, Olúsọjí," ó ní, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ò ní rọ̀ lónìí. "Bàbá rẹ wà lábẹ́ títì l'Óṣòdì. Sìmẹ́ńtì rẹ nìkan lèyí. Ó sì ń gba oòrùn dáadáa."

Ọ̀gá wo Olúsọjí. Olúsọjí ń wo odò. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ àfonífojì náà, irú afẹ́fẹ́ tí kò sí l'Éèkó, ó gba orí ata kọjá, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí sín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," Adébímpé ní, ó sì fi ọwọ́ yí ata rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.