Àna Wa àti Ọkọ̀ Ìje Rẹ̀

Tí mo bá gbọ́ ìró òòlù lára páànù, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Akọ̀wé kánsù ni ní Òkìtìpupa. Ó ra ọkọ̀ kékeré kan tó ti forí sọ igi, ó sì ń fi òòlù tún un ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nítorí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ sáré ìje dé Òde-Ayé. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ pé imú ọkọ̀ wọ́."

Lọ́jọ́ ìje, a dúró sétí títì ní Àyèká. Òun ló ṣáájú! Bó ṣe rí bàbá wa báyìí, ó tẹ bíréèkì, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Àna mi, ṣé dáadáa ni? Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Èmi nìyí, Bàbá! Ẹ jẹ́ kó máa lọ!" ni ẹ̀gbọ́n mi figbe ta.

"N kò tíì béèrè ìyá rẹ̀."

Ọkọ̀ mẹ́rin ló kọjá lójú wa. Àna wa ló gbẹ̀yìn dé Òde-Ayé. Ṣùgbọ́n títí bàbá wa fi kú ló ń wí pé, "Nínú gbogbo wọn, àna mi nìkan ló mọ ibi tó ń lọ."