Géèjì Tó Ti Ń Sọ Òótọ́

Ọkọ̀ akẹ́rù tí Má-Sáré ń wà ti dàgbà, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Ilẹ̀kùn kan kì í ṣí bí wọn kò bá fi èjìká tì í. Fèrèsé kan kì í gòkè tán. Ṣùgbọ́n géèjì epo rẹ̀ ló burú jù, nítorí òpùrọ́ paraku ni. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá kù ìdajì táǹkì, abẹ́rẹ́ géèjì á ti wó lulẹ̀ sórí àmì òfìfo bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa wá ilé epo kiri. Má-Sáré mọ̀ ọ́n. Á fi ìka kan gíláàsì rẹ̀ kó-kó, á ní, "Ó dùbúlẹ̀ ni, kò tíì sùn," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Epo kò tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà rí, èyí sì dùn mọ́ ọn nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Má-Sáré kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá máa ń yà á sílẹ̀. Kò bínú sí i. Ohun tó ń dùn ún ni pé inú ọkọ̀ ló ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà, ní gáréèjì ìlú onílùú, tí ìyàwó rẹ̀ ń dá jẹun nílé. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Olóko, obìnrin tó ń sin adìẹ lẹ́yìn afárá, ní òun ń wá ẹni tí yóò máa kó òròmọdìẹ fún òun, inú tọkọtaya náà dùn. Iṣẹ́ àárọ̀ sí ọ̀sán ni. Wọ́n á jọ lọ, wọ́n á jọ bọ̀.

"Awakọ̀ tó kó wọn kẹ́yìn dúró ra nǹkan lọ́nà, ooru sì pa wọ́n," Ìyá Olóko sọ fún un. "Ọmọ ọjọ́ kan ni wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn. Bó bá dúró, wàhálà dé. Mo fi ẹrù yìí dán ẹ wò ni o, dírẹ́bà. Tí wọ́n bá kú sí ẹ lọ́wọ́, má wulẹ̀ padà wá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni Má-Sáré wí.

Nígbà tó ku ọ̀la, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, kó yẹ bíréèkì wò. Má-Sáré na ara sórí bẹ́ǹṣì, oorun sì gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ wá sún mọ́ àbúrò rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi tún géèjì yẹn ṣe. Àyà mi máa ń já tí mo bá ti wò ó."

Mẹkáníìkì tú táǹkì, ó yọ ohun tó ń léfòó lórí epo nínú rẹ̀, ó rí i pé ọ̀pá rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì nà án tọ́. Iṣẹ́ kékeré ni. Ìyàwó ní kó má sọ fún ọkọ òun. Òun fúnra òun ni òun máa sọ ọ́, kí òun lè rí bí ojú rẹ̀ á ṣe rí.

Kò sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń jáde nílé láàárọ̀, bíréèkì han fíìn.

"Àbúrò ẹ yìí," ni Má-Sáré wí, "ọkọ̀ fífọ̀ ló mọ̀, kò mọ ọkọ̀ ṣe."

"Ẹ ṣé o." Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, ó kẹ́yìn sí i. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó dáa, á fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ẹni tí kò mọ ọkọ̀ ṣe.

Má-Sáré rí i pé abẹ́rẹ́ géèjì gòkè díẹ̀ ju bó ṣe wà lánàá lọ. Ó rò pé mẹkáníìkì ló bu epo sí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, kò lè béèrè. Wọ́n kó àwọn páálí òròmọdìẹ ní ilé tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin, wọ́n fi tapólì bò wọ́n, wọ́n gbéra. Nínú ọkọ̀ náà, àwọn òròmọdìẹ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé epo tó wà lẹ́bàá afárá, abẹ́rẹ́ ti dùbúlẹ̀. Má-Sáré fi ìka kan gíláàsì bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nítorí pé ìjà wà nílẹ̀, inú ló ti sọ èyí tó kù. Ó kọjá ilé epo.

Kò pẹ́, ọkọ̀ wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì kú sí ibi tí kò sí igi, tí kò sí ilé.

Ìyàwó yíjú padà. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí géèjì. "Yéè! Epo ti tán!"

"Epo wo ló tán? Irọ́ tó máa ń pa nìyẹn."

"Kò purọ́ mọ́! Àbúrò mi ti tún un ṣe lánàá!"

Má-Sáré wò ó, ó wo géèjì, ó tún wò ó. "O sì dákẹ́?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò mọ ọkọ̀ ṣe."

Kò sí àyè ìjà. Lábẹ́ tapólì, igbe àwọn òròmọdìẹ ti ń rẹlẹ̀, wọ́n ń la ẹnu mí. Má-Sáré ká tapólì sókè. Ó ń gbé páálí sí abẹ́ ọkọ̀ níbi tí òjìji wà, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ń fẹ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó tú ìborí rẹ̀, ó ń fì í láti dá ọkọ̀ dúró. Òṣìṣẹ́ kan tó ń wa katakata bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe dúró.

"Àǹtí, ṣé ikú lẹ ń wá ni?"

"Dísẹ́ẹ̀lì ni mò ń wá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tú kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ ẹ̀yìn katakata rẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n bí epo bá tán nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní jí àfi tí wọ́n bá lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Má-Sáré fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì kan lára páìpù náà. Ìyàwó rẹ̀ di pọ́ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì mú.

"Tẹ̀ ẹ́."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Má dúró."

"Ta ló dúró?"

Epo kọ́kọ́ ń hó jáde bí ọṣẹ. Nígbà tó yá, ó ń ṣàn gaara. Má-Sáré di nọ́ọ̀tì padà, ẹ́ńjìnnì sì jí.

Ní oko, Ìyá Olóko ń ṣí páálí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí, ó ń ṣa èyí tó ti kú sínú garawa. Garawa náà kò kún, ṣùgbọ́n kò ṣófo.

"Kí ló dá yín dúró?"

Má-Sáré lè sọ pé táyà ló jò. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó.

"Epo ló tán, mà."

"Epo? Ọkọ̀ ẹ ò ní géèjì ni?"

"Ó ní, mà. Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀ pé ó ti ń sọ òótọ́ ni."

Ìyá Olóko wò ó bó ṣe dúró láìsí ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú dé ìgúnpá. Ó wo garawa. Ó jọ pé ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹrù mìíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Kí ọkọ ẹ máa wakọ̀, kí ìwọ máa wo géèjì."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó jókòó, ó kọjú síwájú. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ilé epo ẹ̀bá afárá, abẹ́rẹ́ ṣì jìnnà sí àmì òfìfo.

"Ó ti ń tòògbé o," ni ìyàwó wí.

Má-Sáré fi ìka kan gíláàsì géèjì kó-kó. Ó sì yà sí ilé epo.