Oògùn Tí Mo Rì Mọ́ Eérú

Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi bá ti dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú ìgò, ọ̀sán kan ní Ìlobù ni mo máa ń rántí. Ìyá bàbá mi ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà, ṣùgbọ́n kò tíì forí kanlẹ̀ tí ìtọ̀ fi gbé e dìde. Ó padà, ó tún gbé búta. Nígbà kẹta, ó jókòó sórí awọ àgbò tó fi ń kírun, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Oògùn tí kò jẹ́ kí n kírun yìí, ṣé ire ló bá wá?"

"Ẹ má bínú, ma," ìyá mi dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi ní ìtọ̀ yẹn gan-an ni ìwòsàn yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ará Ìfọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ló fi oògùn náà ránṣẹ́. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n kò sì jẹ́ kí àwọn àgbà ilé wa gba ará Ìfọ́n gbọ́. Mo wo ìyá mi láti òkè délẹ̀. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

"Ìyá àgbà, ẹ má gbé e mì mọ́," mo sọ sí i létí.

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá ti fún un lóògùn, tó sì yí ẹ̀yìn padà, ìyá àgbà á tu ú sí mi lọ́wọ́, èmi á sì lọ rì í mọ́ eérú ààrò. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú padà. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn. Omi tó kó sí i lẹ́sẹ̀ yẹn ni oògùn náà ti ń lé jáde tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà kú, ìyá mi, ọmọ Ìfọ́n, ni gbogbo agboolé ń wò. Èmi náà bá wọn wò ó.